Chester Arthur (1829–1886) àti Òpin Ìdáwó Ọ̀ranyàn Nínú Òṣèlú Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ohun tí òwe yìí kò sọ ni pé kí olóṣèlú máa bù nínú oúnjẹ òṣìṣẹ́ kí ọkàn òṣìṣẹ́ tó lè balẹ̀ pé iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá wọlé ìbò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń pín iṣẹ́ ìjọba fún, láti orí ọ̀gá pátápátá títí dé orí akọ̀wé tó kéré jù lọ. Ẹni tó bá sì rí iṣẹ́ gbà gbọ́dọ̀ máa yọ lára owó oṣù rẹ̀ fún ẹgbẹ́ nígbà tí ìbò bá tún ń bọ̀. Ìdáwó ni wọ́n ń pe owó náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ láti dá a mọ ohun tó ń dúró dè é.

Chester Alan Arthur wà lára àwọn tó mọ ètò yìí tinú-tẹ̀yìn. Ó jẹ nínú rẹ̀, ó sì fi di ẹni ńlá. Òun kan náà, nígbà tí ó di Ààrẹ kọkànlélógún, ni ó buwọ́ lu òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbòǹgbò ètò náà tu ní ọdún 1883. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìgbésí ayé Arthur jẹ́ ọ̀kan lára ìgbà díẹ̀ tí ọ̀bẹ gbìyànjú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbẹ́ èkù náà tán.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

A bí Arthur ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 1829, ní Fairfield, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ireland ni bàbá rẹ̀, William Arthur, ti wá. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá yìí, ó sì kórìíra kíkó ènìyàn lẹ́rú débi pé kì í fi ọ̀rọ̀ náà bò lórí àga ìwàásù. Láti ìjọ kan dé òmíràn ni ìdílé náà ń ṣí kiri, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe dàgbà ní oríṣiríṣi ìlú ní Vermont àti New York.

Ní ọdún 1848, Arthur jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Union College ní ìlú Schenectady. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ fi gbọ́ bùkátà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́, ó sì ń ka ìwé òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí tí ó fi di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Cohoes. Nígbà tí ó di ọdún 1854, ó ti di agbẹjọ́rò ní ìlú New York.

Ẹjọ́ Olùkọ́bìnrin Kan

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ kan dé tó bá ẹ̀kọ́ ilé Arthur mu. Ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 1854, olùkọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elizabeth Jennings wọ ọkọ̀ èrò tí ẹṣin ń fà lórí irin ní ìlú New York. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti ń tẹ dùùrù. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Jennings kọ̀ jálẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ àti ọlọ́pàá kan ni wọ́n jọ fi ipá wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀.

Arthur, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Brooklyn. Ní ọdún 1855, ìgbìmọ̀ adájọ́ dá Jennings láre, wọ́n sì ní kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà san 225 dọ́là fún un. Láti ìgbà náà ni iléeṣẹ́ ọ̀hún ti ń jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ ọkọ̀ rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ó yẹ kí a fi ìtàn yìí sọ́kàn, nítorí pé ohun tó tẹ̀ lé e nínú ayé Arthur lè mú kí ènìyàn gbàgbé pé ó mọ ohun tó tọ́.

Lábẹ́ Baba Ìsàlẹ̀

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, Arthur ni ìpínlẹ̀ New York gbé iṣẹ́ pípèsè aṣọ, oúnjẹ àti ibùgbé fún àwọn ọmọ ogun lé lọ́wọ́. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Lẹ́yìn tí ó kúrò níbẹ̀, ó fi gbogbo ara wọ inú ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní New York ni Roscoe Conkling, aṣòfin àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Arthur kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Ètò ni ó mọ̀ ọ́n ṣe: ẹni tí wọ́n máa fún ní iṣẹ́, ẹni tí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n máa ná owó náà sí. Irú ọmọ ẹ̀yìn tí baba ìsàlẹ̀ ń wá nìyẹn.

Ní ọdún 1871, Ààrẹ Ulysses Grant fi Arthur ṣe ọ̀gá aṣọ́bodè ní èbúté New York. Ipò náà kì í ṣe kékeré. Owó ibodè ni òpómúléró àpò ìjọba àpapọ̀ ní ayé ìgbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì ń gba èbúté kan ṣoṣo yìí wọlé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ ni ó wà lábẹ́ Arthur. Òfin tún fàyè gba ọ̀gá aṣọ́bodè láti pín nínú owó ìtanràn àti ẹrù tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ oníṣòwò tó rú òfin. Nípa bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 50,000 dọ́là ni ó ń wọlé fún Arthur lọ́dún, iye kan náà tí wọ́n fi owó ọdún Ààrẹ sí ní ọdún 1873. Nígbà tí àwọn aṣòfin fi òpin sí pínpín owó ìtanràn ní ọdún 1874, owó rẹ̀ wálẹ̀ sí 12,000 dọ́là.

Ṣùgbọ́n owó tó wúlò fún ẹgbẹ́ jù lọ kì í ṣe ti Arthur. Ti ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ yẹn ni. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹgbẹ́ á ránṣẹ́ sí wọn pé kí olúkúlùkù mú ìdá kan wá nínú owó oṣù rẹ̀. Akọ̀wé tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin nílé kò lè bèèrè ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe. Wọ́n ń fi apá kan rẹ̀ tẹ ìwé ìpolongo, wọ́n ń fi apá kan san owó fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kiri, wọ́n sì ń fi òmíràn ra ìbò. Kò sí òfin tó sọ pé kí ẹgbẹ́ fi ìwé ìṣirò owó hàn ní gbangba. Ẹni tó gba owó nìkan ni ó mọ iye tí ó gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Arthur ti díjú nìyí. Wọn kò fìgbà kan gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ó jí owó ìjọba. Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni, ó mọ ènìyàn í ṣe, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ètò tí ó ń darí ń jẹ òṣìṣẹ́ níyà, ó sì ń ba ìbò jẹ́. Ó hàn gbangba pé ìwà ọmọlúàbí ẹnì kan kò tó láti wẹ ètò tí kò dára mọ́.

Ìyọkúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní ọdún 1877, Rutherford Hayes di Ààrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni òun náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún iṣẹ́ ìjọba ṣe. Ó yan ìgbìmọ̀ kan tí John Jay darí láti yẹ iléeṣẹ́ aṣọ́bodè New York wò. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè dín ìdá kan nínú márùn-ún wọn kù, àti pé òṣèlú ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Hayes pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ má ṣe darí ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bu owó ìbò fún wọn.

Arthur kò kúrò nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́, kò sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Hayes wá fa Theodore Roosevelt kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Oníṣòwò ọlọ́lá ni Roosevelt yìí, òun sì ni bàbá Theodore Roosevelt tó di Ààrẹ lẹ́yìn náà. Conkling lo agbára rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, wọ́n sì dá orúkọ náà padà ní oṣù kejìlá ọdún 1877. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Roosevelt kú. Nígbà tí àwọn aṣòfin lọ sí ìsinmi ní oṣù keje ọdún 1878, Hayes yọ Arthur kúrò, ó sì fi Edwin Merritt sí ipò rẹ̀.

Láti Igbákejì dé Ipò Ààrẹ

Ọdún 1880 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ fún Arthur. Ní oṣù kìíní, Ellen ìyàwó rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀ kò sì sí nílé nígbà tí àìsàn náà dé, nítorí pé iṣẹ́ òṣèlú ti gbé e lọ sí Albany. Ní oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ Republican pàdé ní Chicago láti yan ẹni tí yóò dupò Ààrẹ. Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n dìbò kí James Garfield tó wọlé. Kí inú àwọn ará New York lè rọ̀, wọ́n fi ipò Igbákejì lọ Arthur. Conkling ní kó kọ̀ ọ́. Arthur gbà á. Kó tó di ìgbà náà, ará ìlú kò fìgbà kankan dìbò yàn án sí ipò kankan.

Nínú ìpolongo náà, Arthur tún padà sí iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù: ó gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣètò ìnáwó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n iye ìbò ará ìlú tí Garfield fi ju alátakò rẹ̀ lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà kò tó 10,000. Ní oṣù kejì ọdún 1881, wọ́n se àsè ní ilé oúnjẹ Delmonico ní New York láti yẹ́ Stephen Dorsey sí, ẹni tó ṣe akọ̀wé ìpolongo náà. Arthur dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó fi àwàdà sọ ọ́ di mímọ̀ fún àwọn tó jókòó pé ohun tó gbé ẹgbẹ́ wọlé ní ìpínlẹ̀ Indiana kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí òun là mọ́lẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 1881, Charles Guiteau yìnbọn lu Garfield ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní Washington. Guiteau ti ń wá iṣẹ́ ìjọba kiri, ó sì gbà pé ìpolongo tí òun bá wọn ṣe tó kí wọ́n fi òun ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Paris. Nígbà tí wọ́n mú un, ó kéde pé ìhà Conkling ni òun wà, àti pé Arthur ni yóò di Ààrẹ báyìí. Arthur kò mọ nǹkan kan nípa ìwà ọ̀daràn náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wọ ẹnu apànìyàn. Fún ọjọ́ 79 tí Garfield fi wà láàárín ikú àti ìyè, Arthur kò jẹ́ kí wọ́n fi òun jẹ adelé. Ní alẹ́ ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, Garfield kú. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Arthur búra ní ilé ara rẹ̀ ní New York.

Lẹ́tà Julia Sand

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1881, kí Garfield tó kú, lẹ́tà kan ti dé ọ̀dọ̀ Arthur. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, Julia Sand, ni ó kọ ọ́. Aláìsàn tí kì í sábà jáde nílé ni Sand, ìlú New York ni ó sì ń gbé. Kò pọ́n Arthur lé. Ó sọ fún un pé àwọn ará ìlú ni ọkàn wọn kò balẹ̀ nítorí pé òun ni ipò náà fẹ́ kàn, ó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó yí padà, kí ó tún iṣẹ́ ìjọba ṣe. Lẹ́tà mẹ́tàlélógún ni Sand kọ títí di ọdún 1883. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1882, Ààrẹ lọ kí obìnrin náà nílé láìfi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè wọn ìwúwo lẹ́tà wọ̀nyí lórí ọkàn Arthur. Ohun tó dájú ni ìṣe rẹ̀. Conkling retí pé kí ọmọ ẹ̀yìn òun yọ William Robertson, ọ̀gá aṣọ́bodè tí Garfield yàn láìfi ti Conkling ṣe. Arthur kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn tó lu ìjọba ní jìbìtì lórí iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà lọ sí ilé-ẹjọ́, tí Dorsey tí wọ́n se àsè fún lánàá sì wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ adájọ́ dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1883, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Òfin Ọdún 1883

Ikú Garfield ti la ojú ará ìlú. George Pendleton, aṣòfin àgbà láti Ohio tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ni ó gbé àbádòfin kan wá tí Dorman Eaton bá a kọ. Àwọn aṣòfin kọ́kọ́ fi falẹ̀. Ní ọdún 1882, Jay Hubbell, olórí ìgbìmọ̀ ìpolongo ẹgbẹ́ Republican fún àwọn aṣòfin, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún wọn wá. Ará ìlú bínú. Nínú ìbò oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ náà pàdánù agbára rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ní oṣù kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ọwọ́ sí ìjìyà òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Curtis, tó gba owó ìbò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù kan náà, Arthur nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àwọn aṣòfin bu ẹnu àtẹ́ lu ìdáwó ọ̀ranyàn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe òfin náà. Wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú ìbò 38 sí 5 ní ilé àgbà, àti 155 sí 47 ní ilé kejì. Ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1883, Arthur buwọ́ lù ú.

Òfin Pendleton ṣe ohun pàtàkì méjì. Èkíní, ó ní ìdánwò ni wọn yóò máa fi gba òṣìṣẹ́ sí àwọn ipò kan, ó sì dá àjọ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ láti máa mójú tó o. Méjì péré nínú wọn ni ó lè wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Èkejì, ó fòfin de kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa gba owó òṣèlú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọrọ irú owó bẹ́ẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba. Wọn kò gbọdọ̀ yọ òṣìṣẹ́ tàbí rẹ̀ ẹ́ nípò nítorí pé kò dáwó. Ẹni tó bá rú apá yìí lè san owó ìtanràn tó tó 5,000 dọ́là, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì.

Àléébù òfin náà kò farasin. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ètò ìdánwò kọ́kọ́ kàn. Kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó ní kí ẹgbẹ́ kéde iye owó tí ó gbà tàbí orúkọ àwọn tó fún un. Ìjọba Arthur pàápàá kò mọ́ tónítóní. Ní ọdún 1882, ó kọ́kọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu òfin tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó buwọ́ lù ú nígbà tí wọ́n dín in kù sí ọdún mẹ́wàá. Agbẹjọ́rò Elizabeth Jennings ni ó ṣe èyí.

Àìsàn, Ikú àti Ìwé Tó Jóná

Láti ọdún 1882 ni Arthur ti mọ̀ pé àrùn kíndìnrín ń bá òun jà. Ó fi pamọ́ fún ará ìlú. Ní ọdún 1884, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, wọ́n yan James Blaine. Àwọn alátùn-únṣe kò tíì gbàgbé àtijọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ kò sì dárí ìsinsìnyí jì í. Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1885, ó sì kú ní New York ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1886, ní ẹni ọdún 57. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú kan nítòsí Albany.

Nígbà tí ikú ń sún mọ́lé, Arthur ní kí wọ́n sun àwọn ìwé òun. Ìwé tí ì bá fi hàn bí owó ṣe rìn láti ọwọ́ akọ̀wé ibodè dé ibi tí wọ́n ti ń ra ìbò lè ti jóná mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà Julia Sand kò jóná. Wọ́n wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ ní Washington ní ọdún 1958.

Ohun tó Tẹ̀ Lé Òfin Náà

Bí a bá dí ihò kan, eku a máa wá òmíràn. Bí owó òṣìṣẹ́ ṣe ń dínkù, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yíjú sí iléeṣẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 1896, Mark Hanna bu owó ìpolongo fún àwọn báńkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń bù ú fún akọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ọmọ Roosevelt, ẹni tí wọn kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gba ipò Arthur, di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àjọ Pendleton ní ọdún 1889. Òun kan náà ni ó jẹ́ Ààrẹ nígbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún 1907 tó ní kí iléeṣẹ́ má fi owó rẹ̀ ṣètọrẹ fún ìpolongo ìbò ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn tí àṣírí ti tú pé àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fún ìpolongo tirẹ̀ pàápàá lówó. Ní ọdún 1910 ni òfin àkọ́kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ẹgbẹ́ kéde owó rẹ̀ jáde. Òfin ọdún 1971 mú un le sí i, àtúnṣe ọdún 1974 sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ìjà náà kò parí síbẹ̀: ní ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé iléeṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ná owó ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò, bí kò bá ti fi lé olùdíje lọ́wọ́.

Ìgúnlẹ̀

A kò lè pe Arthur ní ẹni mímọ́, a kò sì lè pè é ní olè. Ó jẹ́ ẹni tó jẹ nínú ètò tí kò dára, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni olùkọ́ lè fà yọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé òfin kì í dúró de ẹni tí kò ní àbàwọ́n kí ó tó wáyé. Ọwọ́ tó mọ ibi tí owó ń gbà lè jẹ́ ọwọ́ tó mọ ibi tí a ó ti dí i. Èkejì ni pé òfin tó dí ọ̀nà owó láìtan iná sí i ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì yòókù ni Arthur kò fọwọ́ kàn, àwọn ìwé tí ó ní kí wọ́n sun sì ń jẹ́rìí sí i. Akọ̀wé ibodè tí wọ́n gba owó oṣù rẹ̀ kò mọ ibi tí owó náà lọ, àwọn tó ń kọ ìtàn pàápàá kò lè mọ gbogbo rẹ̀ mọ́.